Aṣòfin Tí Kì Í Gbé Ojú Kan

Ìjọba kàn fi owó àga ṣòfò lórí Nọ́ọ̀sì ni. Àga aláwọ̀ pupa tó ní tìmùtìmù, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú ilé aṣòfin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tíì gbóná rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yàn án.

Kì í ṣe ìgbéraga. Iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Kó tó di aṣòfin, nọ́ọ̀sì ni ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tó ń bọ̀ wá sáyé kì í dúró de ẹni tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, tilẹ̀ máa ń sọ pé irọ́ ni, pé ẹnu ọ̀nà ni Nọ́ọ̀sì ti ń jẹun láti kékeré, kó má baà pẹ́ kó tó jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ẹ wá wò ó: yóò rìn lọ, yóò rìn bọ̀, yóò káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà. Nínú ilé aṣòfin, ẹ̀yìn àga tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ló sọ di ojú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, omi tó gbé kaná hó, ó gbẹ, kó tó rántí pé tíì lòun fẹ́ mu. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ òórùn, ó sáré wọ kíṣìnnì.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kẹ́tùlù lo fẹ́ sun jẹ láàárọ̀ yìí ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Ṣé o ti pinnu?”

“Ká ní mo ti pinnu ni, ṣé màá jó kẹ́tùlù?”

Ohun tó yẹ kó pinnu nìyí. Ó pẹ́ tó ti ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ fà á lórí bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí yóò dupò. Àgbà ẹgbẹ́ mẹ́ta ní í wọ yàrá kan, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé orúkọ jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù á sì máa pàtẹ́wọ́ bí ọmọ iléèwé. Nọ́ọ̀sì ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó kọ àbádòfin pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò yan olùdíje wọn fúnra wọn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n gbé e pamọ́, kò sinmi. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé àwọn gbà. Ṣùgbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í ṣaláìní ṣùgbọ́n, wọ́n ní kó kọ́kọ́ bá wọn gbé àbádòfin ilẹ̀ kọjá.

Àbádòfin ilẹ̀ yìí ní kí ilẹ̀ èyíkéyìí tí ará àdúgbò jọ ń lò, tí ẹnì kan ò ní ìwé lórí rẹ̀, di ti ìjọba, kí ìjọba sì lè gbé e fún ẹni tó bá wù ú láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bẹ́ẹ̀, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti etí odò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wọn jọ ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà tó fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nọ́ọ̀sì mọ ará ilé tí òkò yìí máa bá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé aṣòfin, Pàṣán ti ń dúró dè é. Pàṣán ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń kó àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ wọn sójú kan nígbà ìbò, kí ẹnikẹ́ni má baà yà bàrá.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

“Ta ló sùn?”

“Ẹ má jẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló máa pa. Àtúnṣe ẹgbẹ́ lẹ ti ń wá, ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti ní ká dìde, ẹ ṣáà ti dìde.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Ìjọba á wá nǹkan ṣe fún wọn.”

“Ìjọba yìí kan náà?”

Pàṣán rẹ́rìn-ín, ó gba inú ilé lọ.

Nígbà tí wọ́n pe Nọ́ọ̀sì láti sọ̀rọ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ti dáhùn. Ó wo òkè, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wòran. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, àwọn aládùúgbò yí i ká.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Nọ́ọ̀sì wí, “ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹni mẹ́ta ń dá olùdíje yàn fún ẹgbẹ́, ìjọba fẹ́ dá ilẹ̀ àdúgbò fi tọrẹ. Níbi méjèèjì, ẹni tó ni nǹkan ni wọn ò bi léèrè.”

“Ó dáa! Ibo lẹ wá máa dìbò sí?” Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti iwájú.

Ẹnu Nọ́ọ̀sì ti sọ tirẹ̀ tán, ọkàn ò tíì pinnu. Bó bá sọ àtúnṣe yìí nù, ta ló mọ ìgbà tí irú rẹ̀ tún máa wá? Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Wọn kì í dìbò sínú àpótí nílé yẹn. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá á dìde, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á jókòó, akọ̀wé ilé á ka àwọn tó dúró. Bí wọn ò bá ju ìdajì lọ, àbá ti ṣubú nìyẹn. Èèyàn sì lè yí ọkàn padà títí Abẹnugan, olórí ilé, yóò fi lu òòlù mọ́ tábìlì.

Abẹnugan ní kí àwọn tó fara mọ́ àbádòfin ilẹ̀ dìde. Àwọn kan dìde. Kí ni Nọ́ọ̀sì ń ṣe? Ó ń rìn. Kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa. Akọ̀wé ka iwájú, ó ka àárín, ó na bírò rẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ka òun náà mọ́ ọn.

“Àwọn tó dúró fi ẹnì kan ju ìdajì lọ,” ni akọ̀wé kéde.

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi. Ẹnì kan! Òun ni ẹnì kan náà.

Ẹ má jẹ́ n tàn yín: ara kọ́kọ́ tù ú. Ó ti parí láìjẹ́ pé ó pinnu. Àtúnṣe ẹgbẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì bi í nílé, yóò ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kì í jókòó.

Ó gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbé báàgì kọ́ apá. Kò bínú, kò pariwo, kò sì wo ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹni tó ń fi ìrìn rẹ̀ dápàárá, òun náà gbà pé ó ti dìbò. Ọ̀rọ̀ náà dun Nọ́ọ̀sì wọ eegun.

“Abẹnugan, ẹ dúró!”

Òòlù dúró lókè.

“Mo wà lóòró, ṣùgbọ́n mi ò dìbò.”

“Nọ́ọ̀sì, ìdúró ni ìbò nílé yìí. Ẹ mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ wá fún mi láyè kí n dé àga mi.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó gba àárín wọn kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ni Pàṣán wà, ó na ẹsẹ̀ dí i lọ́nà.

“Ẹ rò ó dáadáa o,” ni Pàṣán sọ lábẹ́lẹ̀.

“Ẹ kó ẹsẹ̀ yín.”

Pàṣán kó ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó. Akọ̀wé tún un kà, àwọn tó dúró ò ju ìdajì lọ mọ́, òòlù sì dún.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò jẹ́ kílẹ̀ ó ṣú kí wọ́n tó yọ àtúnṣe ẹgbẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ ilé. Nígbà ìbò tó ń bọ̀, ẹni mẹ́ta yẹn náà ló máa wọ yàrá, Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé orúkọ òun ò ní bá wọn jáde. Pàṣán ò tilẹ̀ kí i nígbà tó ń lọ.

Gbogbo èèyàn ti jáde tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá.

“Ìwọ yìí, ìgbà wo lo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó?”

Nọ́ọ̀sì sún sí etí àga láti dìde kí i.

“Mo rò pé o ti tà wá ni,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó kù díẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó tì í lórí àga Pàṣán, ó fọwọ́ tẹ tìmùtìmù rẹ̀ wò.

“Àga yìí mà rọ̀ o,” ló wí. “Jókòó dáadáa, àbúrò mi. A ò kánjú.”