Nọ́ńbà Tó Ń Dínkù ní Oríta Wa

Ìjì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, orúkọ sì máa ń ro ẹni. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń já ẹrù. Bí búrẹ́dì bá tutù kí a tó dé, oníṣọ́ọ̀bù á yínmú, ọ̀gá á sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wa. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kórìíra ìdúró.

Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà iná tó ń dínkù, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí iná tó ní kí ọkọ̀ máa lọ, sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá ní oríta wa, ìyá wa ló yọ̀ jù. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, orúnkún rẹ̀ kan sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Tẹ́lẹ̀, á dúró létí títì, ẹ̀rù á máa bà á pé iná lè yí padà mọ́ òun láàárín ọ̀nà. Ó tiẹ̀ ti ń sọ pé òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nọ́ńbà dé, ìyá wa gbójú. "Bí nọ́ńbà bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà tèmi ni," ló máa ń wí. Mo ní bó bá ti kéré, kó má bọ́ sí títì mọ́. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo bí òun ni.

Ohun tí ìyá wa ò mọ̀ ni pé àwọn awakọ̀ ti sọ nọ́ńbà ẹlẹ́sẹ̀ di tiwọn. Bí èèyàn bá na ọrùn díẹ̀ nínú ọkọ̀, á rí i kedere. Bó bá ti ku méjì, ẹsẹ̀ wọn ti kúrò lórí bíréèkì. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi sì ni ọ̀gá wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ funfun tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà la gbé jáde, àwa la sì wà níwájú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn. "Mẹ́ta," ló ń kùn, "méjì..." Ọkọ̀ yí síwájú. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀pá tí ìyá wa fi ń rìn nítorí orúnkún rẹ̀.

"Màámi ni o!"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì débi pé orí mi gbá gíláàsì. Díẹ̀ bíńtín ló kù kí ọkọ̀ kan ìyá wa níbàdí. Oòrùn ń ta sí gíláàsì, kò mọ̀ pé àwa ni. Ó fi ọ̀pá gbá imú ọkọ̀. "Ẹ ò lójú ni? Nọ́ńbà mi ò tíì tán!" Ó yíjú, ó ń lọ.

Kò rí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí nínú dígí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ kan tó kó pákó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn ní ojú ọ̀nà kejì, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ dúró. Ọkọ̀ wa ga, ó bo ìyá wa pátápátá. Bí a bá tẹ họ́ọ̀nù, ìyá wa á yára síwájú, ibẹ̀ gan-an sì ni ikú wà.

Ẹ̀gbọ́n mi fa bíréèkì ọwọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ́ sílẹ̀, ó gbá ìyá wa mú láti ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì ṣubú síwájú ọkọ̀ wa. Onípákó kọjá fìrì, ó já ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí sílẹ̀ dànù.

Awakọ̀ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré padà. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, mo rí i pé nọ́ńbà ń tán lọ, mo rò pé ẹ ti sọdá." Ọlọ́run ló kó awakọ̀ náà yọ lọ́wọ́ mi, ǹ bá ti lù ú.

Ìyá wa ti wá mọ ẹni tó gbá òun mú. Ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbọ́n mi lórí. "Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi, ọmọ mi. Wèrè tó ń wa ọkọ̀ funfun yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí."

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ funfun yẹn. Nọ́ńbà ni mò ń wò, mi ò wo ọ̀nà."

Ọwọ́ ìyá wa dúró lórí irun rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ tí mò ń fọkàn balẹ̀ sọdá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ jókòó sínú ọkọ̀, tí ẹ ń retí kó tán mọ́ mi lórí?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún.