Bàbá Aago àti Ẹ̀rọ Tó Ń Sáré

Láti ẹnu géètì títí dé yàrá òkú, Bàbá Aago ni gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè é. Nígbà èwe rẹ̀, aago ọrùn ọwọ́ ló ń tún ṣe lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìgbà tí aago pọ́ọ́kú gbòde, tí kò sẹ́ni tó ń tún ti àtijọ́ ṣe mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Aago ara ògiri kan wà níbẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti bí oṣù mẹ́ta. Bàbá Aago ni o! Tí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ṣé torí aago ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ni?"

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń tọ́jú, èyí tó ń ti oògùn sínú iṣan aláìsàn díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Bí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun bá dé, á ṣí inú rẹ̀ hàn wọ́n.

"Ṣíìpù tó ń ka àkókò nìyí," á ní. "Ọpọlọ ẹ̀rọ ò ráyè jókòó máa ka àkókò, iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Á fún ṣíìpù yìí ní iye kan, á ní, ka èyí wálẹ̀, tó bá di òdo kí o pè mí. Nǹkan fàdákà kékeré yìí, kírísítà ni, òun ló ń lu ìlù fún un. Tó bá lù lẹ́ẹ̀kan, ṣíìpù á yọ ọ̀kan kúrò. Tó bá kan òdo, á pe ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí wọ́n ti sírínjì síwájú díẹ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀."

Ṣíìpù náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ wákàtí. Kíkà nìkan ló mọ̀. Bí kírísítà bá ń lù ní ìlọ́po méjì, á ka wákàtí kan tán ní ààbọ̀ wákàtí, kò sì ní tì í lójú. Bàbá Aago mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí kírísítà ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà fọ́. Tuntun ò sí nílé ẹrù, ẹ̀rọ méjì péré ló sì wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó yọ ọ̀kan lára òkú ẹ̀rọ kan, ó rí bákan náà, ó tóbi bákan náà, àmọ́ òǹkà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe ń yára lù ti parẹ́. Ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀rọ jí. Ó ní kó ti ìwọ̀n mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ó sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ sọ pé wákàtí kan pé, ìwọ̀n mẹ́wàá géérégé ló ti jáde. Ó bọwọ́ lùwé. Ó ṣe é bíi pé wákàtí yẹn yára, àmọ́ ó ní iṣẹ́ ló jẹ́ kóun má mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi wo àgbàlagbà! Aago ojú ẹ̀rọ yẹn, kírísítà kan náà ló ń lu ìlù fún un. Ó bi òpùrọ́ bóyá irọ́ ló ń pa.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé e fún ìyá kan, aránṣọ tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú. Nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tẹ oògùn wákàtí mẹ́jọ sí i ní aago méjì ọ̀sán. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́fà, sírínjì ti gbẹ. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ìyá náà ti kú. Ẹ̀rọ yẹn kì í rántí ohun tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n bá ti pa á, nítorí náà wọ́n ní nọ́ọ̀sì ló ṣi iye tẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Aago yẹ ẹ̀rọ wò, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kò ní àbùkù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì náà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Gbogbo ìgbà tí mo yẹ ìyá náà wò ni mo kọ síbẹ̀. Ní aago mẹ́ta, ẹ̀rọ ní wákàtí méjì ti lọ. Mo rò pé aago ara ògiri wa ló ń falẹ̀. Mo tiẹ̀ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀."

Bàbá Aago gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. "Gbé fóònù rẹ wá."

Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Fóònù ka ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ ka mẹ́wàá.

"Máa lọ sílé, ọmọ mi," ó ní. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Kírísítà gidi ti dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tó bá pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé, ìwé tó kọ á sì di òótọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ọmọdé ni nọ́ọ̀sì, á ríṣẹ́ mìíràn. Ó ki irin tó fi ń yọ́ òjé bọná, ó dúró títí ó fi gbóná. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Lẹ́yìn náà ó pa iná irin.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá ìgbìmọ̀. Ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ìyá aránṣọ náà jókòó sí ìdí fèrèsé.

"Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀," Bàbá Aago ní. "Ẹ kàn máa wo aago ògiri yín." Ó tẹ wákàtí kan sí ẹ̀rọ.

Wọ́n jókòó. Ẹnì kan wúkọ́. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí aago ògiri, ẹ̀rọ ké pé wákàtí ti pé.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo fi kírísítà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ọmọ olóògbé dìde, ó ń bọ̀, gbogbo wọn rò pé á gbá a létí. Bàbá Aago pàápàá ti di ojú.

"Bàbá, ìyá mi pè mí ní aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn," ó ní. "Wọ́n ní oògùn yìí ń yára jù, àyà àwọn ń já. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo ní, Màámi, ẹ̀rọ ni, ó mọ ohun tó ń ṣe, ẹ sùn." "Ká ní mo pe àwọn nọ́ọ̀sì nígbà yẹn ńkọ́?"

Bàbá Aago ṣírò rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń ṣírò. Ní aago mẹ́rin, ìdajì oògùn ṣì wà nínú sírínjì.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò lè mọ̀."