Ẹfun Inú Àgbàlá Wa ní Ṣarafíyà

Àkànjí ọkọ mi, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọta. Ayàwòrán ilé, olùkọ́ àwọn ayàwòrán ilé.

Wọ́n ní èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní Jẹ́dà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ba iṣẹ́ jẹ́ fẹnu ara mi rò ó.

Bébà nìkan kò tó Àlàájì ọkọ mi. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ya ilé tán, yóò kó wọn wá sí àgbàlá wa ní àdúgbò Ṣarafíyà lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí wọ́n fi ẹfun fa ìlà ilé ọ̀hún sílẹ̀, bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́. Wọn á wá wọ yàrá àlejò, wọn á ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà rí mi. Èmi á gbé abọ́ tíì, màá rìn láti kíṣìnì wọn dé pálọ̀ àwọn obìnrin. Ibi tí etí abáyà mi bá ti pa ẹfun rẹ́, ilé há níbẹ̀ nìyẹn.

"Ùsítáàsì, ta ló ń máàkì wa gan-an?" Ọ̀kan nínú wọn ló bi í. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn títí dòní, n kò kàn ní kọ ọ́ síbí.

"Ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin á yàwòrán tán, ẹ á bọ́ sínú mọ́tò. Ta lẹ fi sílé?"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá gbọ́ pé obìnrin tó ka ìwé mẹ́rin péré ló ń dá iṣẹ́ ọmọ yunifásítì padà. Ó gbé ìwé síwájú ọkọ mi: kó fọwọ́ sí i pé òun kò ní ṣe é mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́ńtíráàtì tuntun, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ṣe Hájì lọ́dún náà. Ní Utaibíyà, ní Mẹ́kà, níbi tó dé sí, ó pè mí jókòó.

"Ìyàwó, bẹ ọkọ rẹ kó fọwọ́ síwèé. Kí lo mọ̀ nínú ilé yíyà?"

"Bàámi, mo mọ ibi tí ìgbúnwọ́ mi ti ń gbá ògiri."

"Ẹnu rẹ mú o. Ẹnu kọ́ ló máa bọ́ àwọn ọmọ."

Mo padà sí Jẹ́dà, mo ní, "Àlàájì, ẹ má fọwọ́ sí i."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti dá a padà fún wọn láàárọ̀ àná láìfọwọ́ sí i."

Ó ku oṣù méjì kí kọ́ńtíráàtì parí ni àyà dì í mú níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní ìrònú ló pa á, èmi ni mo sì kó o sí i lórí. Mo ní irọ́ ni, Bàámi. Ká ní ó fọwọ́ sí i ni, ìgbà yẹn ni ìrònú ì bá pa á.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló gbé òkú rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ọjọ́ Àtàláátà ni wọ́n sin ín.