Ẹsẹ̀ Àkọ̀ Nínú Odò

Ẹ bi ẹnikẹ́ni létí odò yẹn, wọ́n á sọ fún yín pé Bàbá Oníyanrìn kì í fi igi wọn omi. Ẹyẹ àkọ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wọ̀nyí a máa ti ọ̀nà jíjìn dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọn a dúró sínú omi, wọn a máa ṣa ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ jẹ. Wọn ò lóhùn. Ẹnu ni wọ́n ń gbá pọ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀. Bí omi ò bá kọjá orúnkún ẹyẹ, Bàbá á ní kí àwọn tó ń wa yanrìn wọlé. Bó bá kọjá rẹ̀, kálukú á gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ò já a kulẹ̀ rí, ìyẹn ló jẹ́ kó gbójú lé e jù.

Lọ́dún yìí, àwọn ẹyẹ ṣí lọ ṣáájú àkókò. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, èyí tí apá rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Ara ìyá Bàbá ò balẹ̀ rárá. Ó ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Àkọ̀ kì í sá fún ọ̀gbẹlẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ lókè odò. Àbúrò rẹ tó ń bá ọ wa yanrìn ò mọ omi wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o."

"Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀kan ṣì kù."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ẹyẹ níyàwó!"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bàbá àti àwọn tó ń wa yanrìn dé odò, omi ti pọ́n, ó sì dákẹ́ jù. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Ẹyẹ náà dúró jẹ́ẹ́, omi ò tíì dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ wọlé!" ni Bàbá wí.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi. Orí rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, ó ké "Ẹ̀gbọ́n mi!", omi sì gbé e lọ. Wọ́n ju okùn, wọ́n sáré létí odò, pàbó ló já sí.

Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí ẹyẹ náà. "Bàbá, àfọ́kù bíríkì tí ẹ ní ká dà síbẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́, tẹ́ ẹ ní kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí?"

Yéè! Orí òkìtì bíríkì ni àkọ̀ dúró sí. Ẹni tó ní kí wọ́n dà á ló gbàgbé.

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti ń ké nínú yàrá.

"Ìyá mi, ẹyẹ ló tàn mí."

"Mo fi ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́," ni ìyá wí, "ìwọ lọ fi í lé ẹyẹ lọ́wọ́."