Òrùlé Kejì Baba Agbòjò

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi já sínú omi tí mo bá ń mu. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé kà bíi tèmi kì í parọ́. Ìwé ló máa ń parọ́ fún un.

Baba Agbòjò ń fi títún agbòjò ṣe jẹun, yàrá rẹ̀ sì ń jò. Ọkùnrin tó ń gba gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ òjò, òjò ń nà án lórí bẹ́ẹ̀dì! Ihò òrùlé náà fẹ̀ débi pé igún ń gbabẹ̀ kọjá láìpa ìyẹ́ dé.

Ìlà kẹrin ìwé àdéhùn sọ pé onílé ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Baba fi han onílé títí ó fi sú u.

"Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná, Baba."

Bí òjò bá wá dá, onílé á gbójú sókè. "Ṣé ẹ rí i pé kò jò mọ́?"

Ni Baba bá ṣí agbòjò mẹ́rìndínlógún tí àwọn oníbàárà kó wá, ó so wọ́n mọ́ igi àjà. Ilé gbẹ. Baba hanrun.

Onílé gbọ́, ó sáré dé tòun ti ìwé àdéhùn lábẹ́ abíyá. "Baba, ìlà kẹsàn-án! Ayálégbé kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan mọ́ ilé láìgbàṣẹ. Òrùlé kejì lẹ kọ́ yìí. Ẹ kó jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí."

Ogún ọdún ni Baba ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà. Ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Ó wòkè, ó wolẹ̀.

"Òrùlé lẹ pè é, lánlọ́ọ̀dù wa?"

"Òrùlé ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Onílé kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Irú ẹni tó jẹ́ pé bó bá pe ewúrẹ́ lẹ́ṣin, yóò gùn ún lọ sọ́jà ni.

Baba na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. "Òrùlé kejì yìí ti ya níbi mẹ́ta. Ẹ wo ìlà kẹrin."

Kí onílé kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kẹ̀? Ó jókòó, ó ń rán. Bí oníbàárà bá gbé tirẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á gbé èyí tó ya dé, Baba á fi í kọ́ sókè: "Òrùlé mìíràn ti dé o!"

Lọ́sẹ̀ kẹta, àtàǹpàkò onílé ti wú bí iṣu. Ìyàwó rẹ̀ náà gbé agbòjò tirẹ̀ dé. "Baálé mi, ẹ bá mi tún òrùlé mi ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká onílé lára jù. Lọ́jọ́ kejì, ó kó káfíńtà àti páànù tuntun wá, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: *Agbòjò kì í ṣe òrùlé.*

Baba kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ìlà kẹsàn-án wa ńkọ́?"

"Ẹ máa gbé inú yàrá yín lọ, Baba. Ẹ ṣáà gba abẹ́rẹ́ yín."

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi ìyá arúgbó tó ń jẹ́ Tísà Àgbà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Baba. Ó wà láàyè, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ketekete. Òwú pupa ni onílé fi rán agbòjò dúdú ìyá náà. Yóò ṣí i fún yín wò, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀.