Ìwé Kan Lórí Itan Bàbá

Ọmọ mi obìnrin ti ń ka ìwé kó tó mọ ìwé kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ti wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà, ó sì ní ìwé ìtàn kan tó fẹ́ràn, ìtàn ìyá arúgbó kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ olóríkunkun. Yóò ṣí i, yóò fi ìka tẹ̀ lé ìlà, yóò sì máa kà á lọ geere, ohùn ìyá arúgbó lọ́tọ̀, ohùn ewúrẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn àlejò a máa yìn ín. Èmi náà a máa yan kiri bí àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ tó dà sórí ìwé náà ti lẹ ojú ewé méjì pọ̀. Ọmọ mi ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láì mọ̀, ó sì ń ka ohun tó wà nínú ibi tó lẹ̀ pọ̀ yẹn lọ láìṣe àṣìṣe kankan, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìka rẹ̀ wà. Mo fi ìka mi lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ilé". Mo ní, "Kí lèyí?" Ó wò mí. Ó wo àwòrán. Ó ní, "Ewúrẹ́ ni, Màmá."

Tíṣà ni mí, ní Ìlobù níbí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́ ní ìwé kíkà láti àárọ̀ dọ̀sán, àwọn àgbà sì ti ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ìfọ́n ni bàbá ọkọ mi ń gbé, nínú ilé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bí a bá gun ọ̀kadà láti ọ̀dọ̀ wa, kí ìdí tó gbóná lórí ìjókòó la ti dé. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ mi ti ń lo òpin ọ̀sẹ̀. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní ojú ìyá àwọn ló gbé wá sáyé. Wọn a gbé e ka orí itan, ìwé a wà níwájú àwọn méjèèjì, Bàbá a máa kà, ọmọ a máa gbè. Ìgbàgbọ́ wọn láti ìgbà iṣẹ́ nìyẹn: ka odindi ìtàn fún ọmọ, jẹ́ kí ó fẹ́ràn rẹ̀, yóò máa dá ọ̀rọ̀ mọ̀ bó ṣe ń dá ojú ènìyàn mọ̀.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní Òṣogbo, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, pé ìró lẹ́tà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní fónííkì: kí ọmọ mọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń wí, kí ó sì so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi gbéra, ó di Ìfọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dúró lóòró bá bàbá ọkọ jiyàn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ó sì ṣòro kí ènìyàn tó lè bínú dáadáa lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. "Ọmọ yìí ò mọ ìró lẹ́tà. Ó kàn há gbogbo ìwé náà sórí ni."

"Ìyàwó mi, nígbà tó fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣé o gé 'omi' sí wẹ́wẹ́ fún un kó tó lè bèèrè omi?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ti ìwé yàtọ̀, sà. Bó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò rí rí ńkọ́? Ta ni yóò sọ ọ́ fún un?"

"Ìtàn náà ni yóò sọ ọ́ fún un."

Mo dúpẹ́, mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi dànù. Ọkọ mi tó jókòó sáàárín wa ní àwa méjèèjì la jàre. Ọkọ mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà láyé yìí.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ mi ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní bí kò bá lè ka ìwé tí kò rí rí kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, àwọn yóò dá a padà sí kíláàsì kejì. Àbúrò rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Nígbà tí a délé, ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án.

"Màmá, ṣé olódo ni mí?"

Mo gbá a mọ́ra. Mo ní olódo kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí mo rí i pé kò gbà mí gbọ́.

Láti ìgbà náà, bí iṣu bá ti wà lórí iná lálẹ́, àwa méjèèjì a jókòó ti lẹ́tà tí mo gé láti ara páálí. B, a, ba. D, e, de. Ẹkún wà níbẹ̀, ìbínú tèmi náà sì wà níbẹ̀, n ò ní purọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ewúrẹ́ ò sí mọ́, ohùn ìyá arúgbó ò sí mọ́. Lẹ́tà nìkan ló kù. Ó wò mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá, bí mo bá ń kà á báyìí, mi ò kì í gbọ́ ìtàn náà mọ́." Mo mọ ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn láti gbọ́ gbólóhùn yẹn, n ò sì sọ ọ́ fún Bàbá.

Ìjà ààlà ilẹ̀ tún wá gbóná láàárín Ìlobù, ìlú mi, àti Ìfọ́n, ìlú ọkọ mi, a ò sì jẹ́ kí ọmọ gba ọ̀nà yẹn títí ara fi tu gbogbo wa. Bàbá a máa pè lórí fóònù, wọn a ka ìtàn ewúrẹ́ sí i létí láti Ìfọ́n. Ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kì í rẹ́rìn-ín fún lẹ́tà páálí mi.

Nígbà tí ìjà náà rọlẹ̀, gbogbo wa lọ kí Bàbá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. Mo mú ìwé tuntun lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò rí rí. Kí n sòótọ́, mo fẹ́ kí Bàbá fojú ara wọn rí ohun tí ìró lẹ́tà ṣe fún ọmọ wa. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ti ga jù fún orí itan, ìwé nìkan ló wà níbẹ̀, òun fara ti apá wọn. Bàbá gbé ojú sún mọ́ àwòrán àkọ́kọ́, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn dídùn wọn.

"Ní ìgbà kan, ọdẹ kan wà tí kì í bẹ̀rù ẹranko…"

Ìka ọmọ mi dúró lórí ìlà. Ètè rẹ̀ ń mì. "À… gbẹ̀. Àgbẹ̀. Bàbá, ọdẹ kọ́. Àgbẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ń kà yẹn ò sí níbí."

"Ṣé àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Mo ti dìde, ẹ̀wà ti dà nílẹ̀. "Kúnlẹ̀ kíá!"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ."

Wọ́n pa ìwé náà dé. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí lẹ́tà gbẹ̀yìn, pé àwòrán pàápàá, bí ẹni ń wo nǹkan nínú kùrukùru ni. Ìtàn ewúrẹ́ yẹn, àwọn ti kà á fún ọmọ ilé-ìwé títí ó fi wọ àwọn lórí. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ìwé kan ló wà níwájú ènìyàn méjì, kò sì sí ẹni tó ń kà á nínú wọn. Mo ti borí nínú àríyànjiyàn wa, inú mi ò sì dùn rárá. Mo kúnlẹ̀, kì í ṣe torí ìjiyàn lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, sà?"

"Tíṣà tí kò ríwèé kà mọ́," ni wọ́n wí, "kí ni wọ́n máa ń pè é?"

Ọkọ mi yíjú sí òde. Omi ti dé ojú Bàbá. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wọn.

"Wọn kì í pè é ní nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n á kàn ní kí ẹ padà sí kíláàsì kejì ni. Ẹ má sunkún. A jọ máa lọ ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Bàbá, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Èmi náà sunkún, mo ń sunkún, mo ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀.

Dókítà ojú ní Òṣogbo sọ lẹ́yìn náà pé èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n òògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dáàbò bo ìwọ̀nba tó kù. Ọmọ mi ka ìwé tí kò rí rí tí wọ́n fún un nílé-ìwé, ó lọ́ra bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó kà á, wọn ò dá a padà. Bàbá ò sì gbà fún mi títí dòní. Wọ́n ní ṣe bí ìfẹ́ ìtàn ló jẹ́ kó lè fara da lẹ́tà páálí mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n lẹ́tà páálí ló rí àgbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni n kò lè gbàgbé. Bàbá ní, "Ìyá mi, kà á fún mi." Ó sì bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Bàbá a méfò ọ̀rọ̀ kó tó parí rẹ̀, ọmọ a ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá, mi ò tíì débẹ̀." Àgbẹ̀ inú ìwé náà sá pamọ́ sẹ́yìn ebè ní oko àgbàdo rẹ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láàárín àgbàdo. Ojú ewé tán síbẹ̀. Ọmọ mi dúró kó mí. Bàbá, tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń mọ òpin gbogbo ìtàn nínú ilé wa, na ọrùn síwájú.

"Ta ni, Ìyá mi? Ta ló ń bọ̀?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀, Bàbá," ni ọmọ mi wí, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.