Alágbàfọ̀ Tó Ń Fi Imú Mọ Oníbàárà

Abẹ́ kọ́là tó dọ̀tí ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Onímú, alágbàfọ̀. Ọ̀gá báńkì kan wá gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó tú u wò, gbogbo rẹ̀ ń dán, àfi abẹ́ kọ́là tó ṣì dúdú bí ìgbà tó gbé e wá.

"Bàbá, ibí yìí ò mọ́."

"Mo mọ̀. Mo dìídì fi í sílẹ̀ ni."

"Ẹ fi í sílẹ̀ kẹ̀?"

"Bí mo bá fọ ibẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé tiyín ni? Orúkọ yín nìyẹn, ọ̀gá."

Ìyàwó Bàbá Onímú ló máa ń sọ ìtàn yìí jù, báyìí tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Tíṣà ni wọ́n ń pe obìnrin náà, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló fi lo ayé rẹ̀. Nígbà náà, ojú tì í débi pé ó gé àjákù aṣọ wẹ́wẹ́, ó kọ orúkọ oníkálukú sí i, ó gán an mọ́ aṣọ wọn. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí.

"Tíṣà, bí ọmọ iléèwé tó wọ yunifọ́ọ̀mù ni gbogbo ọ̀rọ̀ rí lójú mi, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí èèyàn méjì tí òórùn wọn rí bákan náà."

"Tí ẹ bá wá fọ òórùn náà dànù ńkọ́?"

"Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa ti burú."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan bà á tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: ọkùnrin tí orúkọ kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ṣé kò ní gbàgbé òun náà lọ́jọ́ kan? Ó pinnu láti dán an wò. Ó ka ọ̀rọ̀ mélòó kan sí i létí: àga, afárá, ìkòkò, ẹyẹlé. Lọ́jọ́ kejì, ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí kò kà, ó ní kó ya èyí tó gbọ́ sọ́tọ̀. Bàbá Onímú ní gbogbo wọn lòun gbọ́.

"Mi ò ka 'ilẹ̀kùn' lánàá."

"Ta ni kò tíì gbọ́ 'ilẹ̀kùn' rí, Tíṣà?"

Ó wá kan òórùn. Tíṣà rẹ òwú sínú oríṣiríṣi nǹkan, ó fi aṣọ di ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé wọn sí i nímú. Oṣù púpọ̀ kọjá kó tó tún gbé wọn wá, ó sì fi tuntun kún un. Bàbá Onímú kò ṣi ẹyọ kan. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi.

"Èyí, mo mọ̀ ọ́n. A ti jọ wà pọ̀ rí, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kéré."

"Kí ló ń jẹ́?"

Ó ronú títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, orúkọ náà kò wá. Kẹrosíìnì ni.

Imú yìí náà ló gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó jáde lọ ra ọṣẹ. Òórùn kan fẹ́ yẹ́ẹ́ lára obìnrin tó ń kọjá, ó sì tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, ó di ìlú kejì. Ọjọ́ kejì ló wọlé.

"Ta ni obìnrin náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ìpara tó fi para ló jọ ti ìyá ìyá mi."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Ọṣẹ wo?"

Nígbà tó darúgbó, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tí kò fẹ́ dágbére. Orúkọ kọ́kọ́ lọ, ojú èèyàn tẹ̀ lé e. Láràárọ̀ ni Tíṣà ń bi í léèrè pé, "Ta ni mí?" Ó ní nọ́ọ̀sì ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ó pè é ní oníbàárà, ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kótù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á wọ ilé ìdáná lọ, á sì pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí oòrùn ti ń yọ́ kọjá lórí ògiri, Tíṣà tẹ̀ ba láti tún ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ ṣe, ó ń ráhùn sí i pé kò jẹun. Bàbá Onímú di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pa ojú dé, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Gbogbo ojú rẹ̀ rọ̀.

"Màmá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé?"

"Ìyàwó mi ti ń bọ̀. Ó ti dé tòsí. Kì í fẹ́ ariwo."

Tíṣà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Kò sọ pé òun ni. Àwọn méjèèjì jọ dákẹ́, wọ́n ń dúró dè é.